Etí Ni Wọ́n Tọ́jú, Ahọ́n Ló San Gbèsè

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún ọdún 1956, ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà, dókítà etí kan tó ń jẹ́ John Shea yọ eegun tó kéré jù lọ nínú ara ènìyàn kúrò nínú etí obìnrin ẹni ọdún 54, ó sì fi àtọwọ́dá tí wọ́n fi Teflon ṣe rọ́pò rẹ̀. Stapes ni wọ́n ń pe eegun náà. Gbogbo gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Àìsàn kan tó ń jẹ́ otosclerosis ti mú un lẹ̀ pinpin mọ́ ojú ihò tó yẹ kó ti máa mì, ìró kò sì ráyè kọjá sínú etí mọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, obìnrin yìí gbọ́ràn. Ṣáájú Shea, Julius Lempert ti ń dá ihò tuntun sínú eegun etí láti 1938, Samuel Rosen náà sì rí i ní 1952 pé bí òun bá rọra mi stapes tó ti lẹ̀, ìgbọ́ràn lè padà. Ti Shea ló dúró. Ọ̀nà rẹ̀ ni àwọn dókítà ṣì ń tọ̀ títí dòní, àtúnṣe díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n kàn fi kún un.

Ohun tí wọn kì í sábà fi kún ìtàn yìí ni pé kí ọwọ́ dókítà tó dé ìdí stapes, ó máa bá fọ́nrán funfun tínínrín kan lójú ọ̀nà. Fọ́nrán yìí kì í gbé ìró, kì í bá ìlù etí mì, kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe fún etí. Ahọ́n ló ń sìn. Ó kàn gba inú etí kọjá ni, bí wáyà iná tí wọ́n fà gba orí òrùlé onílé kan lọ sí ilé ẹlòmíì. Onílé fẹ́ tún òrùlé rẹ̀ ṣe, ó di dandan kó ti wáyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá le jù, iná á kú nílé ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń kan páànù.

Chorda tympani ni àwọn oníṣègùn ń pe iṣan náà. Gabriele Falloppio, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tó kọ́ni ní Padua, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ iṣẹ́ tó ń ṣe ní pàtó. Ara iṣan tó ń darí ojú ló ti yà, èyí tí a fi ń rẹ́rìn-ín tí a sì fi ń pa ojú dé. Ó gba inú eegun ẹ̀yìn etí gòkè, ó yọ sínú ihò etí àárín lẹ́yìn ìlù etí, ó ré kọjá láàárín eegun méjì tó ń gbé ìró fún stapes, lẹ́yìn náà ó gba ojú lílà kékeré kan nínú eegun jáde síwájú. Níbẹ̀ ló ti lọ dara pọ̀ mọ́ iṣan mìíràn tó ń bọ̀ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọn méjèèjì á sì jọ wọ inú ahọ́n. Ọ̀kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan wà lápá òsì. Ẹrù méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń rù: ó ń gbé ìtọ́wò láti ìdá méjì nínú mẹ́ta ahọ́n, láti iwájú, lọ sí ọpọlọ, ó sì ń gbé àṣẹ wá fún àwọn ẹṣẹ́ tó ń pọn itọ́ lábẹ́ àgbọ̀n àti lábẹ́ ahọ́n. Claude Bernard ti ilẹ̀ Faransé fi èyí hàn lára ajá ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún: bó bá ti fi iná ta iṣan yìí jí, itọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi lè kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ayọ̀ pé òun ń gbọ́ bí aago ṣe ń dún lára ògiri, kí ó mu tíì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó sì rò pé wọ́n fi irin ro ó. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n kan á máa ṣe é bíi pé ó kú, ẹnu á gbẹ, omi lásán á ní ìtọ́wò, ìtọ́wò burúkú sì ni. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ á jọ pé kò tó. Ẹlòmíì á ní gbogbo nǹkan ń korò. Ìdílé á rò pé oògùn tó ń lò ló fà á, òun fúnra rẹ̀ náà á rò bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó so etí pọ̀ mọ́ ahọ́n létí rẹ̀ kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń rí báyìí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti takókó fún àwọn dókítà fúnra wọn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n gé iṣan náà pátápátá ni kì í ráhùn rárá, nígbà tí àwọn tí wọ́n kàn fà á tàbí tí wọ́n jẹ́ kí ó gbẹ lábẹ́ iná máíkrosíkóòpù á máa ké pé irin ń bẹ lẹ́nu wọn. Nítorí èyí, àwọn oníṣẹ́ abẹ kan di ẹni tó gbà pé bí iṣan bá ti fara gbọgbẹ́ gan-an, ó sàn kí a gé e kúrò mọ́lẹ̀ ju kí a fi í sílẹ̀ lójú ọgbẹ́ lọ. Àwọn mìíràn kò gbà, wọ́n ní iṣan tí kò já ṣì lè sàn. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Lójú tèmi, ohun tó yẹ ká dì mú níbẹ̀ ni pé iṣan tó kú kì í parọ́. Èyí tó gbọgbẹ́ ló ń parọ́. Ọpọlọ lè fara mọ́ ìdákẹ́jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan ahọ́n. Ariwo èké tí kò dáwọ́ dúró ni kò lè fara mọ́.

Nípa irin yẹn, ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ṣèèṣì rí i. Ní àwọn ọdún 1750, Johann Georg Sulzer, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, fi òjé àti fàdákà kan ara wọn lórí ahọ́n rẹ̀, ó sì tọ́ nǹkan kan wò tí kò sí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Iná ló tọ́ wò, ìyẹn ṣáájú kí Volta tó ṣe bátìrì. Iṣan ìtọ́wò tí iná bá ta jí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ tó lè sọ. Bí ọwọ́ dókítà bá kàn án nínú etí aláìsàn tí kò sùn, aláìsàn lè sọ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ń ta òun lẹ́nu, pé òun ń tọ́ irin wò.

Ìgbà kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ gé e. Àwọn ọmọ kan wà tí ọpọlọ wọn ti fara pa láti ìgbà ìbí, tí itọ́ sì ń dà lẹ́nu wọn láìdáwọ́ dúró tó fi ń bó wọn lágbọ̀n. Àwọn dókítà á gba inú etí wọlé, wọ́n á gé chorda tympani ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí itọ́ lè dín kù. Itọ́ á dín kù lóòótọ́. Ìtọ́wò iwájú ahọ́n á bá a lọ. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ṣúgà kò dùn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ etí yìí kan náà ló fún àwọn onímọ̀ ní ohun tí kò sí níbòmíràn. Kò sí ibòmíràn nínú ara ènìyàn alààyè tí iṣan ìtọ́wò ti ń jáde sí gbangba báyìí, tí a lè fojú rí i, tí a lè fọwọ́ kàn án, láìṣe pé a torí rẹ̀ la ara ẹni. Ní Sweden ní àwọn ọdún 1960, Herman Diamant tó jẹ́ dókítà etí àti Yngve Zotterman tó jẹ́ onímọ̀ nípa iṣan jọ pawọ́ pọ̀. Zotterman kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ yìí: òun ló bá Edgar Adrian ṣiṣẹ́ ní Cambridge ní 1926, nígbà tí wọ́n gba iná tó ń kọjá nínú fọ́nrán iṣan kan ṣoṣo sílẹ̀. Nígbà tí Diamant bá ṣí etí fún iṣẹ́ stapes, wọ́n á fi wáyà kékeré kan iṣan náà, wọ́n á sì da omi iyọ̀, omi ṣúgà, omi kíkan sórí ahọ́n aláìsàn tó ń sùn. Ìlà orí ẹ̀rọ á máa gòkè, á máa sọ̀kalẹ̀. Lára àwọn kan, wọ́n ti bi aláìsàn kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé bí adùn tàbí kíkan tó ń tọ́ wò ṣe lágbára tó. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wé ohun tí iṣan sọ, wọ́n bára mu dáadáa. Bí ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ aláìsàn lónìí bá gbọ́, ìbéèrè á pọ̀ lẹ́nu wọn. Síbẹ̀, ẹ̀rí tí wọ́n rí ṣọ̀wọ́n: bí ìró iṣan bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ìtọ́wò ṣe ń pọ̀ tó.

Wọ́n gbé ewé wọ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Ewé kan wà ní ilẹ̀ Íńdíà, gymnema, tí ènìyàn bá jẹ ẹ́, ṣúgà á dà bí iyanrìn lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Sweden fi omi rẹ̀ pa ahọ́n aláìsàn, iṣan inú etí dákẹ́ fún ṣúgà, ó sì ń dáhùn sí iyọ̀ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní 1972, Diamant, Hellekant àti Zotterman tún kọ̀wé nípa èso kan tí kò ṣàjèjì sí wa: àgbáyun. Àwa tí a dàgbà níbi tí igi rẹ̀ ń hù mọ̀ pé bí a bá ti jẹ ẹ́, ọsàn wẹ́wẹ́ á di oyin lẹ́nu. Ní 1968 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní Netherlands yọ èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ náà nínú èso yìí, wọ́n sọ ọ́ ní miraculin. Ohun tí Diamant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ mọ̀ ni ohun tí èròjà yìí ń ṣe sí ìtọ́wò ènìyàn, ọ̀bọ àti eku. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ fún aláìsàn pé kó lọ jẹ àgbáyun kí ẹnu rẹ̀ lè bọ̀ sípò. Orí kóró ìtọ́wò tó wà láàyè, ìyẹn àwọn ohun kíkéré orí ahọ́n tó ń tọ́ nǹkan wò, ni àgbáyun ti ń ṣiṣẹ́, ìgbà tí nǹkan kíkan bá kàn án ló sì ń jí. Ibi tí iṣan ti kú, kò ní ohun tó máa bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Èwo wá ni ti pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ìdajì iwájú ahọ́n wọn kú ni kò mọ̀, bí a ti rí i ṣáájú? Àwòrán ahọ́n tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ wa nílé ìwé ṣàìran ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́: adùn níwájú, ìkorò lẹ́yìn, kíkan àti iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Irọ́ ni. Hänig, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló kọ ọ́ ní 1901 pé ìyàtọ̀ díẹ̀ wà láàárín àwọn ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan. Edwin Boring tún àwòrán rẹ̀ yà nínú ìwé kan ní 1942 lọ́nà tó mú kí ó dà bíi pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò tirẹ̀. Gbogbo ibi tí kóró ìtọ́wò bá wà lórí ahọ́n ló ń tọ́ gbogbo rẹ̀ wò. Bí ọ̀kan bá sì kú, ìyókù kì í jókòó lásán.

Linda Bartoshuk, tó ṣiṣẹ́ ní Yale kó tó lọ sí Yunifásítì Florida, ló tú èyí palẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi oògùn tó ń pa ìmọ̀lára pa chorda tympani ẹ̀gbẹ́ kan kú fún ìgbà díẹ̀ lára àwọn tí ara wọn le. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ni pé kí ìkorò dín kù. Dípò bẹ́ẹ̀, ìkorò pọ̀ sí i ní ẹ̀yìn ahọ́n, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Iṣan mìíràn ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn ahọ́n. Ó jọ pé iwájú máa ń dá ẹ̀yìn lẹ́kun nínú ọpọlọ. Ọjọ́ tí iwájú bá dákẹ́, ẹ̀yìn á gbé ohùn sókè. Lára àwọn kan, ìtọ́wò tí kò sí nǹkan tó fà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu. Ìdí kan rè é tí oúnjẹ kò fi sọnù pátápátá fún ẹni tí iṣan rẹ̀ já, ó sì tún lè jẹ́ ìdí tí ìkorò àjèjì fi ń bẹ lẹ́nu ẹlòmíì.

Imú náà wà ńbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní adùn ọbẹ̀, òórùn rẹ̀ tó ń gba ọ̀nà ọ̀fun gòkè sí imú ni. Ẹni tí àrùn COVID-19 gba òórùn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ abẹ etí kì í fọwọ́ kan imú, nítorí náà ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ń ṣàìsàn ṣì lè mọ ẹ̀gúsí yàtọ̀ sí ẹ̀fọ́ rírò láìwo inú abọ́. Ata pẹ̀lú kò lọ. Iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí chorda tympani lọ bá ló ń gbé títa ata, gbígbóná àti títutù, iṣan yẹn kì í sì í gba inú etí kọjá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ wá ni pé aláìsàn á rí i pé ata ń ta á bó ṣe yẹ, iyọ̀ ló jọ pé kò dé ibẹ̀, á wá máa da iyọ̀ àti Maggi sí i. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Irú sàn fún un. Ìtọ́wò karùn-ún tí Kikunae Ikeda ti ilẹ̀ Japan rí nínú ewéko òkun ní 1908, èyí tí wọ́n ń pè ní umami, wà nínú irú dáadáa, òórùn irú náà sì wà lọ́tọ̀.

Báwo ni ìtọ́wò ṣe wá ń padà? Kóró ìtọ́wò fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ láyé. Àwọn ohun kíkéré inú rẹ̀ ń kú, òmíràn ń rọ́pò wọn, láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ìwàláàyè wọn rọ̀ mọ́ iṣan. Bí iṣan bá já, kóró á rọ. Bí iṣan bá padà dé, kóró tuntun á hù. Láti àwọn ọdún 1870 ni wọ́n ti rí i lára ehoro pé kóró ń rọ bí iṣan bá já. Iṣan tó já nínú etí kì í sáré: nǹkan bíi mìlímítà kan lóòjọ́ ni iṣan sábà máa ń hù. Láti inú etí dé ìdí ahọ́n kì í ṣe ọ̀nà kékeré fún ẹni tó ń rìn mìlímítà kan lóòjọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń sọ ọ̀rọ̀ oṣù, tí wọn kì í sọ ti ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí iṣan wọn kò já ń rí ìyàtọ̀ láàárín oṣù díẹ̀ sí ọdún kan. Bí iṣan bá já, tí dókítà sì fi orí méjèèjì kanra, ìrètí ṣì wà. Bí wọ́n bá gé apá kan sọnù, ìrètí kéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara máa ń yani lẹ́nu.

Bí iṣan tó padà ṣe ń mọ ibi tó máa lọ, ìbéèrè yẹn wú mi lórí ju ìyókù lọ. Ṣé fọ́nrán tó ń gbé adùn tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wá kóró adùn rẹ̀ kàn kí ìtọ́wò tó lè tọ́? Ní 1967, Bruce Oakley gé iṣan iwájú ahọ́n eku àti ti ẹ̀yìn ahọ́n, ó pààrọ̀ wọn, ó sì dúró kí wọ́n hù. Iṣan ẹ̀yìn tó hù dé iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn bí ará iwájú. Ti iwájú tó lọ ẹ̀yìn di ará ẹ̀yìn. Ahọ́n ló ń pinnu, iṣan kọ́ ni. Ibikíbi tí fọ́nrán bá balẹ̀ sí, ó máa ń kọ́ èdè ibẹ̀. Bóyá ìdí nìyí tí adùn kì í fi í padà di ìkorò lára ẹni tí iṣan rẹ̀ sàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́nrán tó dé ilé lè má pọ̀ tó ti àtijọ́.

Lára ènìyàn, àwọn dókítà Japan ló rí i ní kedere jù. Àwọn àrùn etí kan wà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ wọn ní ìgbà méjì: wọ́n á kọ́kọ́ gé àrùn kúrò, wọ́n á padà lẹ́yìn oṣù púpọ̀ láti tún eegun tò. Saito àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fukui lo àǹfààní ìpadà yẹn. Wọ́n yẹ iṣan tó já lẹ́ẹ̀kíní wò, wọ́n rí i pé àwọn kan ti hù padà, wọ́n wo fọ́nrán inú wọn lábẹ́ máíkrosíkóòpù, wọ́n sì fi í wé bí ahọ́n aláìsàn ṣe ń dáhùn. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n fi ń yẹ ahọ́n wò, ọmọ ọmọ ohun tí Sulzer ṣe ni: iná tó kéré púpọ̀ ni wọ́n ń fi kan ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, wọ́n á máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí aláìsàn á fi ní òun ti tọ́ ọ wò. Àwọn ilé ìwòsàn mìíràn ń lo ewé pépà tí wọ́n rì sínú ṣúgà, iyọ̀, kíkan tàbí ìkorò.

Ibi tí àyẹ̀wò yìí ti ń fi ọgbọ́n kọ́ni ni pé kì í sábà bá ẹnu aláìsàn mu. Aláìsàn á ní, "Dókítà, ẹnu mi ti padà, mo ti ń gbádùn oúnjẹ." Ẹ̀rọ á ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n yẹn kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ta ló tọ̀nà? Àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ kejì ti gba ìdajì iṣẹ́, ẹ̀yìn ahọ́n ti gba díẹ̀, imú kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ rí, ọpọlọ sì ti kọ́ láti má ka òfo yẹn sí. Nígbà náà, ohun tí à ń pè ní ìmúpadàbọ̀sípò lè jẹ́ ohun méjì tó yàtọ̀ pátápátá: kí iṣan hù, tàbí kí ẹnu rí ọ̀nà mìíràn gbà. Ní tèmi, ẹni tó ń jẹun tó sì ń gbádùn rẹ̀ ti sàn, ohunkóhun tí ẹ̀rọ ì báà wí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí dókítà gbàgbé ohun tí ẹ̀rọ wí, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i níwájú.

Kò sí oògùn kan tó dájú tó ń mú kí iṣan náà tètè hù. Wọ́n máa ń fún àwọn kan ní zinc, pàápàá ní Japan, ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ó ń ran ẹni tí iṣan rẹ̀ fara pa nínú etí lọ́wọ́ kò lágbára. Omi, ìmọ́tótó ẹnu, kí ènìyàn máa fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹun, kó má sì dáwọ́ dúró láti máa jẹ oríṣiríṣi: ìwọ̀nyí ni wọ́n ń sọ, wọn kò sì pani lára. Sùúrù ló kù.

Ní ilẹ̀ wa, àìsàn tí Shea wò sàn fún obìnrin Memphis kò wọ́pọ̀. Otosclerosis pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ funfun ju láàárín àwọn ará Áfíríkà lọ. Ohun tó ń gbé àwọn ènìyàn wa lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn, ní LUTH tàbí ní OAUTHC ní Ifẹ̀ ni etí tó ń ṣọyún láti kékeré, tí ìlù rẹ̀ ti lu. Lára àwọn kan, awọ ara á hù wọnú ibi tí kò yẹ kó wà, á di ìdì, á máa jẹ eegun. Cholesteatoma ni wọ́n ń pè é. Ìyẹn lè wọ inú ọpọlọ. Bí ó bá ti lọ́ mọ́ chorda tympani, dókítà ò ní dúró ṣàánú ìtọ́wò ìdajì ahọ́n. Á gé e, ó sì tọ̀nà. Ohun ìtùnú kan wà níbẹ̀: ẹni tí etí rẹ̀ ti ń ṣọyún fún ọdún púpọ̀ kì í sábà ráhùn ahọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ bí ẹni tí etí rẹ̀ mọ́. Àrùn ti ba iṣan náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀ tipẹ́, ẹnu sì ti rí ọ̀nà gbà kí ọ̀bẹ tó débẹ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ kò ṣọyún rí, tó ń lọ fún ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbé sínú etí, ni kó béèrè dáadáa, nítorí àárín iṣan ojú àti chorda tympani gan-an ni dókítà ń gbà wọlé.

Ìbéèrè náà kò le. "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ṣé iṣẹ́ yìí lè kan ìtọ́wò ẹnu mi?" Ó yẹ kí dókítà ti sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, pàápàá fún olóúnjẹ tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ọbẹ̀ wò kó tó gbé ìkòkò lọ síta, tàbí ẹni tó ń se búrẹ́dì tà. Mo ti gbọ́ kí wọ́n sọ pé ọ̀rọ̀ yìí á kàn dẹ́rù ba aláìsàn lásán. Èyí tí wọn kò sọ fún un ló ń dẹ́rù bà á jù, nígbà tí irin bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, tí kò sì mọ̀ bóyá ikú ló ń bọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù ni etí kejì. Lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní otosclerosis, etí méjèèjì ló mú. Wọ́n á ṣe ọ̀kan, ìgbọ́ràn á dára, inú aláìsàn á dùn, á padà wá ní ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn náà pé kí wọ́n ṣe ìkejì. Ẹnu rẹ̀ ń sọ pé ahọ́n òun ti sàn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kejì ló ń ru gbogbo ẹrù náà, tí iṣan àkọ́kọ́ kò hù rárá, iṣan tí wọ́n fẹ́ lọ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí ni èyí tó kù fún gbogbo iwájú ahọ́n àti fún itọ́ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn dókítà tó mọ iṣẹ́ yìí á kọ́kọ́ yẹ ahọ́n wò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí wọ́n tó dá ọjọ́. Bí ẹ̀rọ bá ní ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ ti dáhùn, wọ́n á tẹ̀ síwájú. Bí kò bá dáhùn, wọ́n á jókòó ti aláìsàn, wọ́n á là á fún un, wọ́n á sì rán an létí pé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n ń fi há etí wà, tí kò ní ọ̀bẹ nínú. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì á gba ẹ̀rọ, á fi etí kejì sílẹ̀ bó ṣe wà.